Àìdánilójú tàbí Àìṣepàtó? Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Ìmọ̀ Físíìsì Òde-Òní

Ní ọdún 1970 ni Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè tí ó kù fún wa ni irú ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí á fi gbé ìmọ̀ náà kalẹ̀. A ó fi ìlànà tí Werner Heisenberg, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé jáde ní ọdún 1927 ṣe àpẹẹrẹ.

Ìlànà náà sọ pé bí ibi tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù wà bá ti ṣe pàtó tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ yóò ṣe jìnnà sí pàtó tó. Bí a bá há a mọ́ àyè tí kò ju átọ́ọ̀mù kan lọ, àìṣepàtó eré rẹ̀ yóò ju 500 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu ni àìdánilójú. Ẹ jẹ́ kí á tú u palẹ̀: àì + dá + ni + lójú. Ènìyàn ni 'ni' inú rẹ̀ dúró fún. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Dadin Kowa, ní ìlú Jos, ibi tí ó dé lè má dá wa lójú. Síbẹ̀, ó wà níbì kan, ẹni tí ó dúró létí títì sì rí i. Àìmọ̀ tiwa ni. Ti ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí a fi ń kọ́ni jù lọ, kò sí ẹni kankan létí títì: kì í ṣe pé a kò mọ iye náà, iye pàtó gan-an ni kò sí.

Heisenberg fúnra rẹ̀ kò di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú. Ó lo Ungenauigkeit, èyí tí í ṣe àìpéye ìwọ̀n. Ó lo Unbestimmtheit, àìṣepàtó. Ó sì lo Unsicherheit, àìdánilójú.

Bàìbàì náà kò bá a mu. Ohun tí Lotfi Zadeh gbé kalẹ̀ ní ọdún 1965 ni ó yẹ bẹ́ẹ̀: níbo ni 'gíga' ti bẹ̀rẹ̀ lára ènìyàn? Ààlà ìtumọ̀ ni ó ṣòro láti fà níbẹ̀.

Nítorí náà, àìṣepàtó ni a fara mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fi àìdánilójú kọ́ yóò máa retí ẹ̀rọ tí ó dára ju ti ìsinsìnyí lọ, èyí tí yóò mú ọ̀rọ̀ náà dá a lójú. Ìlànà Heisenberg sì ni pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè sí.