Ta ló ń ṣọ́ okùn tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé Ìbefun?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ báńkì Nàìjíríà. Owó kò ṣeé fi ránṣẹ́, áàpù kò ṣí. Ilé iṣẹ́ MainOne ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ẹni tó ń fi POS jẹun ní Ìbefun, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, lè má mọ Abidjan rárá. Síbẹ̀, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún lè dá òwò rẹ̀ dúró. Ní 2001, Rinaldi, Peerenboom àti Kelly, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí: iná, omi, epo, báńkì àti tẹlifóònù, kò sí èyí tó dá dúró nínú wọn. Bí ọ̀kan bá ṣubú, á fa òmíràn lulẹ̀. Ẹ wo tiwa níbí. Gáàsì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iná ọba. Bí gáàsì bá wọ́n, iná á lọ. Bí iná bá lọ, dísù ni òpó tẹlifóònù ń mu. Bí dísù náà kò bá rọ́nà wọ̀lú, fóònù á kú. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó lásìkò yẹn, kí ni yóò fi pe panápaná?

Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí náà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní Ìtòkí ni ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó gùn ní kìlómítà 678, ti bẹ̀rẹ̀, kó tó gba abẹ́ òkun kọjá Benin àti Togo lọ sí Ghana. Ní oṣù Kẹjọ 2012, àwọn olè orí omi kọlu ọkọ̀ epo kan nítòsí Lomé. Nínú rògbòdìyàn náà, ìdákọ̀ró ọkọ̀ wọ́ ọ̀pá náà já. Ọ̀pọ̀ oṣù ni gáàsì kò fi dé Ghana, òkùnkùn sì kún ilé àwọn ènìyàn ibẹ̀.

Kò sí ẹni tó dìídì fẹ́ ba ọ̀pá yẹn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti okùn abẹ́ òkun: ìgbà 150 sí 200 ni wọ́n ń bàjẹ́ lọ́dún kárí ayé, àwọ̀n apẹja àti ìdákọ̀ró ló sì ń fa púpọ̀ jù. Lórí ilẹ̀, katapila tó ń la ọ̀nà ló sábà máa ń já okùn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ irú okùn àti òpó wọ̀nyí di ohun ìní tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ó dára, àwọn Sífù Dífẹ́nsì náà sì ń ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kì í ka ìwé òfin kó tó gbé ṣọ́bìrì. Ó yẹ kí àmì tí wọ́n fi Yorùbá kọ wà níbi tí okùn bá gbà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè. Kí wọ́n sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn onílé, kí wọ́n sọ ọ́ láàfin. Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè kò jìnnà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ya àwòrán ọ̀nà tí okùn gbà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Kí àwòrán náà má ṣe bọ́ sọ́wọ́ olè. Ọwọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní ìjọba ìbílẹ̀ ni kó wà, kí agbaṣẹ́ṣe sì kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kí katapila rẹ̀ tó kan ilẹ̀.