Sípíkà Tó Jọ Ẹ̀rọ Amúlégbóná

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí sípíkà Quad ESL ní pálọ̀ lè rò pé ẹ̀rọ tí àwọn Òyìnbó fi ń lé òtútù ni. Irin pẹlẹbẹ oníhò wẹẹrẹ ni, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti idẹ, ó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, ó sì fẹ̀yìn díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ igi kúkúrú. Kò sóhun tó wu ojú lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan bá ń kọrin láti inú rẹ̀, ẹ ó gbọ́ bó ṣe mí sínú kó tó la ẹnu, ẹ ó gbọ́ bí ètè rẹ̀ ṣe pàdé. Ọdún 1957 ló dé ọjà, àwọn tó mọ orin í gbọ́ ṣì ń wá a rà. Peter Walker ló ṣe é, ní Huntingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Sípíkà tó wà nílé ọ̀pọ̀ wa, bébà líle tó rí bí àrọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wáyà tí wọ́n ká sí ìdí bébà náà wà láàárín òòfà. Bí iná orin bá ti ń gba inú wáyà kọjá, òòfà á máa tì í síwá sẹ́yìn, bébà á sì máa ti afẹ́fẹ́. Ìdí rẹ̀ nìkan ni agbára ti ń wá. Etí bébà kì í fìgbà gbogbo bá ìdí rìn, ó máa ń gbọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ọn náà á tún máa kùn.

Walker kò lo bébà, kò lo òòfà, kò lo àpótí. Ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ gan-an ló nà sáàárín pátákó méjì tí ihò kún ara wọn, ó wá gbé iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì lé ọ̀rá náà, iná tí kì í kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki sípíkà yìí bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ilé. Orin tó ń bọ̀ láti ámpù, ara pátákó méjèèjì ló ń lọ: bí ti iwájú bá ń fa ọ̀rá, ti ẹ̀yìn á máa lé e, kí a tó ṣẹ́jú wọ́n ti gba iṣẹ́ ara wọn. Gbogbo ara ọ̀rá ni iná dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí orin bá ní kó dúró, ó dúró.

Ìrísí rẹ̀ yẹn, iṣẹ́ yìí gan-an ló fà á. Ọ̀rá náà kò lè rìn jìnnà, nítorí náà ó ní láti fẹ̀ kó tó lè ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀. Ohùn ń jáde níwájú, ó ń jáde lẹ́yìn, ti ẹ̀yìn á sì gba ẹ̀gbẹ́ yí wá pa báàsì ti iwájú. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di kékeré nítorí ẹwà, báàsì díẹ̀ tó ní náà á lọ.

Kì í ṣe ẹ̀rọ àríyá. Bí ẹ bá yí ohùn sókè jù, iná á fò láti ara pátákó, á dá ọ̀rá lu. Ẹ má fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, kí ẹ sì jókòó síwájú rẹ̀ gan-an. Ọdún 1981 ni ẹ̀dà tuntun, ESL-63, jáde láti gba ipò rẹ̀, àmọ́ ilé iṣẹ́ kan wà ní Jámánì tó ṣì ń na ọ̀rá tuntun sínú àwọn tó ti gbó.