Ṣé O Mọ̀? Ìtọ́jú Àwọn Aláìsàn Tí Kò Lágbára, Láti Ìjẹ̀bú-Òde Dé Ilé-Ifẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Ọlíkóyè Ransome-Kuti? Bẹ́ẹ̀ ni o! Ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1927. Ọmọ Ẹ̀gbá ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, irọ́ kọ́, àmọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló ti kọ́kọ́ rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀.

Kí ni àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà Ijebu-Ode Grammar School, láti 1919 títí di 1932. Ọdún 13 gbáko!

Ọmọ náà dàgbà, ó di dókítà. Dókítà àwọn wo? Ti àwọn ọmọdé. Àwọn aláìsàn tí kò lè sọ ibi tó ń dùn wọ́n, ẹkún nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ó sì di mínísítà ètò ìlera ní 1985. Ìjọba ìbílẹ̀ 52 ló kọ́kọ́ mú, pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti fi ètò ìlera ìpìlẹ̀ han gbogbo Nàìjíríà.

Ṣé o rántí omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá láti pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru? Bi màmá rẹ léèrè. Òun ló máa sọ ohun tí wọ́n fi ń wọn omi rẹ̀ fún ọ: ìgò bíà 1, tàbí ìgò mínírà 2. Ìgò bíà, fún ìwòsàn ọmọdé! (Lónìí, ọ̀rá ORS àti oògùn zinc ni kí o béèrè. Ìyẹn ló péye jù.)

Nígbà tí Fẹlá, àbúrò rẹ̀, kú ní 1997, Ọlíkóyè ló jókòó síwájú àwọn oníròyìn tó sọ ọ́ gbangba pé àrùn AIDS ni. Nígbà tí kálukú ń fi àrùn náà pamọ́! Èmi ò tíì rí ìgboyà tó ju ìyẹn lọ.

Ó yá, jẹ́ ká kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde díẹ̀. Ká kọjá sí Abẹ́òkúta, ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà.

Ṣé o mọ̀ pé 1895 ni wọ́n ti dá ọ́sípítù Sacred Heart sílẹ̀ ní Lantoro? Ó ti lé ní 100 ọdún, wọ́n sì ṣì ń gba aláìsàn.

Ní Lantoro yẹn kan náà, ní 1944, ibo ni wọ́n kó àwọn tí orí wọn dàrú sí? Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́! Ẹ̀wọ̀n, o gbọ́.

Ọdún 10 péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo dé sí Aro, ọ́sípítù àwọn tí orí wọn dàrú ní Abẹ́òkúta yìí náà, ó sì yí nǹkan padà. Ó ní kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn. Inú abúlé ni kó máa gbé! Yàrá ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará abúlé tó wà ní tòsí ọ́sípítù. Láàárọ̀, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú. Tó bá ṣe, á padà sílé.

Ṣé o fẹ́ mọ òfin ibẹ̀? Aláìsàn ò gbọdọ̀ dá wá. Ẹbí kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ bá a wá. Màmá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, àbúrò ni o. Ẹni yẹn ló ń dáná fún un, tó ń fọṣọ rẹ̀, tó ń mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, tó ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti ń sàn.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ńkọ́? Lambo gba àwọn náà síṣẹ́! Dókítà tó kàwé ní Birmingham àti London ló ń bá wọn jókòó.

Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè rìnrìn àjò wá sí Abẹ́òkúta láti ṣe àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Abẹ́òkúta ni wọ́n wá o! Láti 1973 sí 1988, Lambo yẹn ni igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO.

Lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ́sípítù ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀. Wo àwọn tó gbé fúláàsì àti abọ́ oúnjẹ dání. Iṣẹ́ tí Lambo gbé lé ẹbí lọ́wọ́ ní 1954 ni wọ́n ń ṣe yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ní 1964, Kòfowórọlá Pratt di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátíróònù ní UCH Ìbàdàn. Níbo ló ti kọ́ṣẹ́? St Thomas' ní London, ilé ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀.

Fífọ ọwọ́ nìkan, ṣé o mọ ohun tó lè ṣe? Vienna, 1847. Nínú oṣù Kẹrin, nínú àwọn abiyamọ 100 ní wọ́ọ̀dù kan, ó lé ní 18 tó kú. Dókítà Semmelweis ní kí gbogbo dókítà máa fọwọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, kò tó 2 mọ́!

Ẹ̀gbẹ́ wa níbí náà kò kẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ní Imẹ̀sí-Ilé, Dókítà David Morley ṣe káàdì kan tí wọ́n fi ń fa ìlà bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i. Ta ló ń tọ́jú káàdì náà? Ìyá ọmọ! Ìlà bá ti ń lọ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì á ti mọ̀ kí ọmọ tó rù. Láti ibẹ̀ ni káàdì náà ti gba ayé kan.

Gbọ́ tọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ní Rochford, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1956. Sister Jean Ward máa ń gbé àwọn ọmọ tí kò pé oṣù lọ sínú oòrùn. Ó ká aṣọ kúrò lára ọ̀kan, ó sì rí i pé gbogbo ara rẹ̀ ti mọ́, àfi ibi tí aṣọ bò. Ibẹ̀ nìkan ló ṣì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀! Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń wo ibà pọ́njú ọmọ tuntun nìyẹn.

Èkó wá gbé e kọjá ibẹ̀. Ní Island Maternity, wọ́n ta ọ̀rá pàtàkì bí àgọ́, èyí tó ń sẹ́ oòrùn: ìmọ́lẹ̀ tó ń woni á wọlé, èyí tó ń jóni á dúró síta. Ọmọ 447 ni wọ́n fi dán an wò, èsì jáde ní 2015. Kò rẹ̀yìn sí ẹ̀rọ oníná rárá! Kò bẹ̀rù NEPA! (Má gbé ọmọ rẹ sí oòrùn lásán o. Ọ́sípítù ni kí o gbé e lọ.)

Ọmọ tí kò pé oṣù, tó wọn kìló 1? Kóńgò gàrí Ìjẹ̀bú kan wúwo jù ú lọ!

Tẹ́lẹ̀, inú ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sí, tí ìyá á máa yọjú wò ó. Àmọ́ ní Bogotá, Kòlóńbíà, ní 1978, ẹ̀rọ kò tó, ni wọ́n bá ní kí àwọn ìyá fi ọmọ sáyà. Aṣọ kò gbọdọ̀ wà láàárín. Fìlà lórí ọmọ, nápíìn ní ìdí, ọ̀já lókè ìyá. Àwa ń pọ̀n sẹ́yìn, èyí ń pọ̀n síwájú!

Ṣé ó yẹ kí wọ́n dúró dìgbà tí ara ọmọ bá balẹ̀ kí wọ́n tó fi í sáyà? Orílẹ̀-èdè 5 dán an wò, Nàìjíríà wà níbẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ ló sì gbà á ṣe. Ọmọ 3,211! Wọ́n gbé ibùsùn ìyá wọ inú wọ́ọ̀dù ọmọ. Wákàtí 17 lóòjọ́, ó kù díẹ̀, ni ọmọ fi ń wà láyà. Bí ìyá bá fẹ́ sinmi, ìyá àgbà lè gbà á.

Nínú ọmọ 100 tí wọ́n tọ́jú bíi tàtijọ́, bí 16 ló kú láàárín ọjọ́ 28. Àwọn tí wọ́n fi sáyà lójú ẹsẹ̀? 12. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó parí, torí àǹfààní ti hàn kedere. Ní 2022, WHO yí ìmọ̀ràn tó ń fún gbogbo ayé padà.

O rò pé mo ti tán? Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára abiyamọ ńkọ́, èyí tí ojú lásán kì í wọ̀n dáadáa? Wọ́n tẹ́ ọ̀rá onílà sábẹ́ abiyamọ, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn sínú rẹ̀, agbẹ̀bí á ka ìlà. Tẹ́lẹ̀, ìdajì ni wọ́n ń tètè rí. Pẹ̀lú ọ̀rá yìí, 93 nínú 100! Bí ó bá sì ti pọ̀, gbogbo ìtọ́jú á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Jàǹbá ẹ̀jẹ̀ tó le fi ìdá 60 nínú 100 dín kù.

Ọ́sípítù 80, abiyamọ 210,132. Tún un kà! Èsì jáde ní 2023. Orílẹ̀-èdè 4 ló ṣe é: Kẹ́ńyà, Tànsáníà, Gúúsù Áfíríkà, àti Nàìjíríà tiwa.