Kí Ló Ń Mú Fáànù Kùn Lórí Inverter?

Bí ẹ bá ń gbé ní Agbowó, Bódìjà tàbí Challenge, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ rí: IBEDC mú iná lọ, inverter gbà á, fáànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Bí iná bá padà dé, ariwo náà á dákẹ́. Fáànù kan náà ni, kí ló wá yí padà? Ohun tí a máa tú palẹ̀ lónìí nìyẹn, torí ó kan owó yín.

Ẹ̀rọ ńlá tó ń yí ló ń pèsè iná tó ń wá láti Kainji tàbí Egbin. Nítorí pé ó ń yí, iná náà ń rọra gòkè, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbì yẹn là ń pè ní sine wave. Òun ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì fáànù àti ti fíríìjì fún.

Microcontroller, ọpọlọ kékeré inú inverter, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra gòkè. Nǹkan méjì péré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀: kó tàn tàbí kó kú. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìgbì onígun ló máa jáde, ìyẹn square wave.

Onímọ̀ ìṣirò ará Faransé kan, Joseph Fourier, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ọdún 1822 pé a lè tú irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sí ọ̀pọ̀ sine wave. Nínú square wave yìí, 50 tí à ń wá wà níbẹ̀. Àmọ́ 150 wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀, 250 pẹ̀lú ìdá márùn-ún, 350 pẹ̀lú ìdá méje, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Èérí ògì ni gbogbo ìyẹn. Ariwo àti ooru ni wọ́n ń dì fún fáànù.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ ohun tó kàn: asẹ́. Ẹ mú resistor 1,000 ohm àti capacitor 1 microfarad, ẹ so wọ́n pọ̀. Asẹ́ yìí ń dí ohun tó bá yára ju nǹkan bí 159 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ṣùgbọ́n 150 kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ á kọjá. Èérí náà ti sún mọ́ omi ògì jù.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọ́n fi asẹ́ sílẹ̀, wọ́n mú kí èérí tóbi. Microcontroller á máa tàn, á máa kú, bí ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Níbi tó yẹ kí ìgbì ga, á pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Níbi tó yẹ kó wálẹ̀, á tètè kú. PWM nìyẹn. Ìpíndọ́gba rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ ní ìgbà 50, èérí rẹ̀ sì wà lọ́nà jíjìn, ní àyíká 20,000. Asẹ́ kan náà yẹn á jẹ́ kí ìdá 95 nínú 100 ti 50 kọjá, ṣùgbọ́n èyí tó máa kọjá nínú 20,000 kò tó ìdá kan nínú 100. Nínú inverter gidi, wáyà tí wọ́n ká ló ń rọ́pò resistor, kí agbára má baà ṣòfò di ooru.

Bí ẹ bá wá dé ọjà, inverter tí wọ́n kọ “modified sine wave” sí lára, ìgbì onígun tí wọ́n fi ìsinmi díẹ̀ há láàárín ló ń gbé jáde. Ó sábà máa ń dínwó. Bó bá jẹ́ ṣájà fóònù, láptọ́ọ̀pù àti gílóòbù LED nìkan lẹ fẹ́ tàn, ó lè tó yín, torí àwọn yẹn ń yí iná padà kí wọ́n tó lò ó. Àmọ́ bí fáànù àti fíríìjì bá wà níbẹ̀, “pure sine wave” ni kí ẹ rà. Ẹ má gbára lé àkọlé nìkan: ẹ ní kí wọ́n tan fáànù sí i níṣojú yín, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú owó inverter lọ́wọ́.