Èdè Ìgboro Gẹ́gẹ́ Bí Orísun Ọnà Nínú Sozaboy

Ariwo ọjà àti ti ọkọ̀ ni a fi mọ Mile 3, ní Diobu, ìlú Port Harcourt. Diobu yìí ni Ken Saro-Wiwa fi ilé ẹmu tí Mene ti pàdé Agnes sí nínú Sozaboy (1985). Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn mẹ̀kúnnù, tí òǹkọ̀wé náà fetí sí gidigidi, ni ó fi hun ìtàn náà.

Mene, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ awakọ̀, ni asọ̀tàn. Gbólóhùn rẹ̀ rọrùn. Àwítúnwí sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ka èyí sí àìmọ̀ọ́kọ kò wò ó dáadáa: Yunifásítì Ìbàdàn ni Saro-Wiwa ti kẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mene kò mọ ìdí ogun tí ó lọ jà, kò sì díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n. Òǹkàwé ni ó ń rí ewu náà ṣáájú rẹ̀, tí àánú rẹ̀ sì ń ṣe é.