Fóònù Onítọ́ọ̀ṣì Náà Tó Gba Owó Ọjà

Kò sí ọlọ́jà ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndò tó lè gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báńkì Àpapọ̀ ní kí a pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, owó tuntun ò sì tó í ná. Oníbàárà dúró níwájú àtẹ, owó rẹ̀ ń bẹ ní báńkì, kọ́bọ̀ kò sí lọ́wọ́. Ẹni tó mọ bí a ti ń gba tiransifáà rí ọjà tà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ata jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé àfi fóònù ńlá oní-íntánẹ́ẹ̀tì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kóòdù tó fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀, bíi *737# ti GTBank tàbí *894# ti First Bank, kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a fi ń pe ara wa ló ń gbà. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì yẹn tó o! Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ fi sílẹ̀ ní báńkì.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2025, inú owó ìpè ni wọ́n ti ń yọ owó kóòdù, ₦6.98 fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì ẹni tí ẹ fẹ́ sanwó fún sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má baà máa wá a kiri nígbà tí owó ń lọ.

Ibi tó le jù, lójú tiwa, ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ kóòdù wọ̀nyí ń sọ. (Ta ló ní kí wọ́n má fi Yorùbá sí i fún wa?) Ìdí nìyẹn tí ìyá mìíràn fi ń gbé fóònù fún ọmọkùnrin tó wà nítòsí, tí á tún sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé ní Yorùbá, èyí tí ẹ ó tẹ̀ ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Nọ́ńbà àṣírí nìkan ni kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Alátì náà ńkọ́? Ẹnikẹ́ni lè tẹ ọ̀rọ̀ tó jọ ti báńkì ránṣẹ́. Ẹ má wo fóònù oníbàárà, ẹ fi kóòdù yẹ àkáǹtì tiyín wò kí ọjà tó kúrò lórí àtẹ.

Ẹni tí kò tíì ṣe é rí, kó fi ₦100 dán an wò sí àkáǹtì ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, kí èrò tó dé.