Ibi tí Ẹ̀wọ̀n Dọ́ọ̀tì ti Ń Já nínú Java

Orílẹ̀-èdè Norway ni kíláàsì, ìyẹn àwòṣe tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń ṣẹ̀dá ohun, ti bẹ̀rẹ̀. Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ló gbé èdè kọ̀ǹpútà Simula 67 kalẹ̀ ní Oslo, kí kọ̀ǹpútà lè máa ṣàfarawé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé. Ọgbọ́n náà gba ọ̀dọ̀ èdè Smalltalk àti C++ kó tó dé ọ̀dọ̀ James Gosling àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sun Microsystems, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ èdè Java ní 1991. Java 1.0 jáde ní oṣù kìíní 1996. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó.

Èkìtì yìí gan-an bá àlàyé kíláàsì mu. Kíláàsì kan lè jẹ́ irú òmíràn, ó sì lè ní òmíràn nínú. Kíláàsì IjobaIbile lè jogún Ijoba, torí irú ìjọba kan ni ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe irú Èkìtì kan. Inú Èkìtì ló wà. Ẹni tó bá kọ "class Ilu extends Ipinle" ti lọ́ méjèèjì pọ̀, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò sì kéré.

Dọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọ inú ohun tó wà nínú ohun. Ẹni tó ń wá ìsun omi gbígbóná Ìkógòsì lè kọ ọ́ báyìí:

ekiti.ijoba("Ekiti West").ilu("Ikogosi").isun().oruko()

Dọ́ọ̀tì kìíní mú ìjọba ìbílẹ̀ tí olú rẹ̀ wà ní Àrámọ̀kọ wá, èkejì mú ìlú, ẹ̀kẹta mú ìsun, ẹ̀kẹrin mú orúkọ. Bí wọ́n bá fi "Aramoko" rọ́pò "Ikogosi", tí wọn kò sì kọ ìsun kankan sílẹ̀ fún Àrámọ̀kọ, null, ìyẹn òfo, ni isun() yóò dá padà. Ẹni tó bá wá bi null léèrè orúkọ, NullPointerException ni yóò fi dáhùn.

Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Tony Hoare ló fi null sínú èdè ALGOL W ní 1965, torí pé ó rọrùn láti ṣe. Ní 2009, òun fúnra rẹ̀ pè é ní àṣìṣe olówó bílíọ̀nù dọ́là. Èyí tó ń dunni jù ni pé fún ohun tó lé ní ogún ọdún, nọ́ńbà ìlà tí àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀ nìkan ni Java ń sọ: dọ́ọ̀tì mẹ́rin lórí ìlà kan, kò sí èyí tó jẹ́wọ́. Java 14, ní oṣù kẹta 2020, ló kọ́kọ́ ṣeé sọ fún pé kó dárúkọ isun() gẹ́gẹ́ bí èyí tó dá null padà. Láti Java 15 ló ti ń ṣe é láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe é.

Optional ti wọlé ṣáájú, pẹ̀lú Java 8 ní 2014: method (irú isun() yẹn) tó bá ń dá a padà ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun tí wọ́n ń wá lè má sí. Ní ti ẹ̀wọ̀n dọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, ní Northeastern University ní Boston, wọ́n ti dábàá láti 1987 pé kí object, ìyẹn ohun tí wọ́n fi kíláàsì ṣẹ̀dá, má bá ju alábàáṣe rẹ̀ gan-an lọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé àbá yìí yóò béèrè lọ́wọ́ ekiti nìkan, ekiti yóò béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ìlú. Ẹ̀wọ̀n náà yóò kúrú, ṣùgbọ́n kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò kún fún àwọn method pẹ́pẹ̀pẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju gbígbé ìbéèrè síwájú lọ.